Ọgbà Inú Ìkòkò Nínú Ilé Tí Ológbò Ń Gbé

Ọgbà inú ìkòkò ni ọgbà tí ẹ̀fọ́, òdòdó tàbí ewé àgbo rẹ̀ ń hù nínú ohun èlò tó ṣeé gbé láti ibì kan sí ibòmíràn: ìkòkò amọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jò, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé sí méjì, táyà ọkọ̀ tó ti gbó, àpò ìrẹsì tí wọ́n rọ ilẹ̀ sí. Ní àwọn ìlú Ìgbómìnà bí Òmù-Àrán, Èsìẹ́ àti Òrò, irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wúlò púpọ̀ lóde òní. Sìmẹ́ǹtì ti bo ọ̀pọ̀ àgbàlá. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Landmark sílẹ̀ ní Òmù-Àrán ní 2011, àwọn ayálégbé tí kò ní ilẹ̀ tiwọn náà ti wà nílùú. Ewúrẹ́ àti àgùntàn tó ń jẹ̀ káàkiri kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé dàgbà. Bí ẹ̀fọ́ bá wà nínú ìkòkò lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí lórí pẹpẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ewúrẹ́ kò ní dé ibẹ̀. Ológbò yóò dé ibẹ̀.

Ológbò kì í ṣe ẹran ìṣeré lásán nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ilẹ̀ iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà ni, ibi tí iṣu àti èlùbọ́ bá sì pọ̀ sí, eku kì í jìnnà síbẹ̀. Oúnjẹ nìkan kọ́ ni eku ń bà jẹ́. Irú eku kan tó ń wọlé láti inú igbó ló ń tan ibà Lassa kálẹ̀, àrùn tí àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno òde òní, ní 1969. Ìdílé tó ń sin ológbò nítorí eku, tó sì tún fẹ́ máa já ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà, lè ní méjèèjì. Ohun tó máa ń fa wàhálà ni pé wọ́n á ti gbin ewé tán kí wọ́n tó rántí ológbò. Ewé tí yóò wọ inú ìkòkò ni kí wọ́n kọ́kọ́ yàn. Bí wọ́n bá ti yan èyí tó tọ́, iṣẹ́ tó kù kò ju iṣẹ́ ọgbà lásán lọ.

Ẹran ni Ọlọ́run dá ológbò láti máa jẹ. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní gbogbo èròjà tí ẹ̀dọ̀ ènìyàn fi ń sọ oró inú ewé àti oògùn di aláìlágbára. Ìdí nìyí tí oògùn parasitámọ́ọ̀, tí ènìyàn ń lò sí ẹ̀fọ́rí, fi lè pa ológbò. Yàtọ̀ sí èyí, ahọ́n ni ológbò fi ń wẹ̀. Ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, ì báà ṣe oje ewé, àtíkè inú òdòdó tàbí oògùn kòkòrò, yóò dé inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi eyín kan ewé rárá. Ológbò a sì tún máa jẹ koríko. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California tó wà ní ìlú Davis, ní Amẹ́ríkà, bi àwọn ènìyàn tó lé ní 1,000 tó ń sin ológbò léèrè, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì ti rí ológbò tiwọn tó ń jẹ ewé. Ara ọ̀pọ̀ nínú àwọn ológbò náà le koko kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Èrò àwọn olùwádìí náà ni pé àṣà tí ológbò jogún lọ́dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ inú igbó ni, tí wọ́n fi ń lé aràn jáde nínú ìfun. Pàṣán kò lè mú irú àṣà bẹ́ẹ̀ kúrò.

Nítorí náà, pé ènìyàn ń jẹ ewé kan, tàbí pé ó ń fi í wo àìsàn, kò sọ bí yóò ṣe ṣe ológbò. Àlùbọ́sà ni ẹ̀rí tó hàn jù. Àlùbọ́sà, ewé rẹ̀ àti aáyù a máa ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ọjọ́ mélòó kan lè kọjá kí àmì rẹ̀ tó hàn: erìgì ológbò á funfun, á máa mí lemọ́lemọ́, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n tàbí kí ó dúdú, àárẹ̀ á sì mú un. Sísè kò mú oró náà kúrò, sísá lóòrùn kò mú un kúrò, tí ó fi jẹ́ pé ìṣẹ́kù ọbẹ̀ tí wọ́n dà fún ológbò náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àlùbọ́sà eléwé dára nínú oko. Kò yẹ nínú ìkòkò ẹnu ọ̀nà ilé tí ológbò wà.

Ní ti ewé ìbílẹ̀ tí àwọn àgbà fẹ́ràn láti ní nítòsí, ó yẹ kí a fara balẹ̀. Ọ̀dúndún àti rìnrìn jọ máa ń wà nínú omi ẹ̀rọ̀ ni, ọwọ́ kan náà ni wọ́n sì fi ń já wọn. Lọ́dọ̀ ológbò, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ọ̀dúndún àti àbámodá jẹ́ ọmọ ìdílé tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Kalanchoe, ìdílé tí èròjà tó ń da ìlù ọkàn rú wà nínú rẹ̀. Òdòdó wọn ló sì máa ń ní in jù. Ológbò tó bá jẹ irú ewé bẹ́ẹ̀ a máa bì, a máa ya ìgbẹ́ gbuuru, bí ó bá sì jẹ ẹ́ púpọ̀, ọkàn rẹ̀ lè ṣe ségesège. Rìnrìn ní tirẹ̀ wà nínú ìdílé Peperomia, tí kò ní oró fún ológbò. Ewéko kékeré ni, tí ìtì rẹ̀ mọ́ gaara, tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn nínú rẹ̀, tí ewé rẹ̀ sì ń dán. Ibi tó tutù, tí oòrùn ọ̀sán kò dé, ló fẹ́ràn, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì jìn: abọ́ pẹrẹsẹ tó jìn tó ìka mẹ́rin ti tó o. Nígbà òjò, ó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ògiri àti nídìí àmù. Ṣíṣí ni kí wọ́n rọra ṣí i pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú abọ́.

Pẹ̀rẹ̀gún, ewé Ògún tí wọ́n tún fi ń pa ààlà, wà nínú ìdílé Dracaena. Ó ń mú kí ológbò bì, kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì fẹ̀. Ọjà ìkookò àti ìbátan rẹ̀ abewé-gígùn tó ń dúró ṣánṣán nínú ìkòkò ọ́fíìsì ń ṣe ohun tó jọ èyí. Aloe vera, tí àwọn kan ń pè ní etí erin, ní oje pupa rẹ́súrẹ́sú kan lábẹ́ èèpo rẹ̀ tó ń fọ inú. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ewé tíì. Ó jọ koríko, ó ń ta sánsán, ológbò a sì máa rìn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Òróró inú rẹ̀ a máa da inú ológbò rú. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n hú àwọn ewéko wọ̀nyí dànù. Pẹ̀rẹ̀gún tó wà lẹ́yìn ọgbà fún ààlà, kí ó wà níbẹ̀. Kí ó má ṣáà sí nínú ìkòkò tí ológbò ń sùn tì.

Òdòdó pálọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Ewé ńlá alámì funfun tí wọ́n ń pè ní dumb cane, money plant tó ń fà lára ògiri, lẹ́fùnlẹ́fùn aláràbarà àti kókò tí ènìyàn ń jẹ, ìdílé kan ni gbogbo wọn. Nínú ewé àti ìtì wọn ni abẹ́rẹ́ tíntìntín wà tí ojú lásán kò lè rí. Bí ológbò bá ti gé e jẹ, àwọn abẹ́rẹ́ náà á gún un ní ahọ́n àti ọ̀fun. Ẹnu rẹ̀ á wú, itọ́ á máa dà, kò sì ní lè gbé oúnjẹ mì. Ohun kan náà ló ń mú kí kókò tí kò jinná máa yún ènìyàn lọ́fun. Ó ṣọ̀wọ́n kí èyí pa ológbò, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́ níyà gidi. Èyí tó ń pani wà lójúde àti lára ọgbà: olómi-òjò abòdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí oje rẹ̀ ń dá ọkàn dúró, kóró lárà àti ti lápálápá, àti sago palm tó jọ ọ̀pẹ kúkurú, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kò yẹ kí ọ̀kankan nínú wọn wọ inú ìkòkò ilé.

Lílì burú ju gbogbo wọn lọ. Lílì gidi, irú èyí tí wọ́n ń kó wá fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ewé rẹ̀, òdòdó rẹ̀, àtíkè tó bọ́ sára irun ológbò, títí kan omi inú ife tí wọ́n gbé òdòdó náà sí, gbogbo rẹ̀ ló léwu. Kò sí ibi gíga tí wọ́n lè gbé e sí tí yóò fi dára, nítorí pé ológbò lè fo sókè ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ilé tí ológbò wà kò gbọdọ̀ gba lílì wọlé rárá.

Èyí tó ṣeé gbìn pọ̀ tó láti mú ọgbà kún. Ṣọkọ̀ ni kí wọ́n fi ṣáájú, nítorí pé kò ní oró fún ológbò, kò jẹ́ kí ènìyàn dúró pẹ́, ó sì ń sọ jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá já a. Ìkòkò tó jìn tó 20 sẹ̀ǹtímítà ti tó o. Efinrin wẹ́wẹ́ kò léwu. Òróró tí wọ́n fún lára efinrin ni kò gbọdọ̀ kan ológbò, pàápàá òróró efinrin ńlá tó le. Tòmátò ń fẹ́ ìṣọ́ra: èso rẹ̀ tó pọ́n kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀, ìtì rẹ̀ àti èso tútù lè da inú ológbò rú. Kí wọ́n fi tòmátò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-20 lítà níbi tí ológbò kì í sábà lọ, kí wọ́n sì máa ṣa ewé tó bá já bọ́. Nínú òdòdó, róòsì, súńfláwà àti zinnia kò ní oró. Fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò rí oòrùn púpọ̀, spider plant dára, bẹ́ẹ̀ náà ni Boston fern, ìbátan ewé tó ń hù lára ọ̀pẹ. Ewé spider plant tó ń rọ̀ sílẹ̀ a máa wu ológbò láti fi ṣeré, nítorí náà gbígbé e kọ́ sókè ló yẹ, kí ó lè pẹ́ láyé.

Ohun tó ń dáàbò bo gbogbo ìkòkò yòókù jù lọ ni ìkòkò kan tó jẹ́ ti ológbò fúnra rẹ̀. Àlìkámà ni wọ́n ń gbìn sínú rẹ̀, èyí tó wà ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ọkà. Kí wọ́n rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi mọ́jú, kí wọ́n da omi náà nù, kí wọ́n tẹ́ kóró rẹ̀ sórí ilẹ̀ nínú abọ́ pẹrẹsẹ títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn, kí wọ́n wá fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, yóò yọrí. Tí ó bá fi máa tó ọjọ́ mẹ́wàá, yóò ti ga tó ìka, ewé rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, ológbò á sì máa gé e jẹ láti orí. Bí ó bá ti ń pọ́n, kí wọ́n gbin òmíràn. Àgbàdo náà ṣeé lò. Ọkà bàbà ni kò ṣeé lò, bí ó ti pọ̀ tó nílẹ̀ Ìgbómìnà, nítorí pé oró sáyánáìdì wà nínú ewé rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, oró kan náà tó ń pa màlúù tó bá wọ oko bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Ìkòkò amọ̀ ló wúwo jù, ìyẹn sì dára, nítorí pé ológbò tó bá fò lé e kò ní dà á wó. Àwọn amọ̀kòkò Dada ní Òkèlele, nílùú Ìlọrin, ṣì ń mọ ọ́n lóríṣiríṣi ìwọ̀n. Àlébù rẹ̀ ni pé omi ń gba ara rẹ̀ jáde: nígbà ọyẹ́, kí ó tó di ọ̀sán, ilẹ̀ inú rẹ̀ lè ti gbẹ. Rọ́bà ń pa omi mọ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n rọ́bà dúdú a máa gbóná nínú ẹ̀ẹ̀rùn títí gbòǹgbò yóò fi rọ. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, kí wọ́n dá ihò mẹ́rin sí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì fi àpáàdì bo ihò náà kí ilẹ̀ má bàa máa ṣàn jáde. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi rọ oògùn apagbó tàbí oògùn kòkòrò kò ṣeé lò láéláé. Fífọ̀ kò mú un mọ́. Àdàlù tí àwọn tó ń tọ́jú ọmọ igi sábà ń lò ni òṣùwọ̀n mẹ́ta ilẹ̀dú, méjì ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa, àti ọ̀kan yanrìn odò. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó gbòǹgbò. Èèpo kóró kòkó, tí àwọn kan ń dà sórí ilẹ̀ láti pa omi mọ́, ní oró fún ológbò àti ajá.

Ológbò fẹ́ràn ilẹ̀ rírọ̀ láti yàgbẹ́ sí, ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ló sì rọ̀ jù. Ata gígún tí wọ́n ń wọ́n síbẹ̀ láti lé e kò dára, nítorí pé yóò lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì ti ibẹ̀ dé ojú àti ahọ́n. Kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yangí, èyí tó kún ojú ilẹ̀ Ìgbómìnà, bo orí ìkòkò. Èèpo ẹkùrọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àdí náà dára, ó ń gún ẹsẹ̀ díẹ̀, ológbò kì í sì í fẹ́ dúró lórí rẹ̀. Kí wọ́n tún wá àpótí yanrìn fún un ní igun kan. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan kọ́ nìyí. Ìgbẹ́ ológbò lè ní kòkòrò toxoplasma nínú, tó léwu fún ọmọ inú aboyún. Ọjọ́ kan sí márùn-ún ni kòkòrò náà ń lò kí ó tó lè ran ènìyàn, nítorí náà bí wọ́n bá ń kó ìgbẹ́ náà lójoojúmọ́, ewu dín kù. Kí aboyún fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ó sì wọ ìbọ̀wọ́ bí ó bá ń fọwọ́ kan ilẹ̀ ìkòkò. Ẹ̀fọ́ láti irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ fífọ̀ dáadáa.

Oògùn kòkòrò ń pa ológbò bí ewé olóró ti ń pa á. Òtápiàpiá àti ìgò dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, ń kọlu iṣan ara ológbò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kọlu ti kòkòrò. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòpin sí títa ìgò kékeré rẹ̀ oní-100 mílílítà nínú ọjà àti ilé ìtajà. Permethrin, tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn eégbọn ajá, kò ṣeé lò lára ológbò tàbí lára ewé tó ń fara kàn. Ilé tó bá ní ológbò kò tún gbọdọ̀ fi májèlé eku sílẹ̀, nítorí pé eku tó bá jẹ ẹ́ lè gbé oró náà dé inú ológbò tó pa á jẹ. Òróró dóńgóyárò náà kì í bá ológbò lára mu. Ohun tó tó fún iná ewé àti kòkòrò wẹ́wẹ́ ni ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi nínú lítà omi kan, kí wọ́n fi í fọ ẹ̀yìn ewé ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì fi omi lásán ṣan án ní òwúrọ̀. Kòkòrò ńlá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un.

Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, òjò á ṣe ìdajì iṣẹ́. Kí wọ́n ṣáà máa da omi tó bá dúró nínú àwo ìdí ìkòkò nù, nítorí ẹ̀fọn, àti nítorí pé ajílẹ̀ máa ń yòrò sínú omi náà, ológbò á sì lá a. Nígbà ọyẹ́, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ìbomirin, kí wọ́n sì kó àwọn ìkòkò sún mọ́ ara wọn kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ má bàa gba àárín wọn.

Bí ológbò bá jẹ ohun tí kò yẹ, itọ́ á máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀, á máa fi ọwọ́ ha ẹnu, á bì, á kọ oúnjẹ, á fara pamọ́, tàbí kí ó máa gbọ̀n. Ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ rọ epo pupa, mílíìkì tàbí omi iyọ̀ sí i lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sá bá bí májèlé bá ṣẹlẹ̀. Epo tí wọ́n fi agbára rọ sábà máa ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa ológbò tí ewé náà kò ní pa. Aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nu ẹnu rẹ̀, kí wọ́n yọ ìyókù ewé, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ohun tó lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, kí wọ́n sì pe dókítà ẹranko. Bí ó bá jẹ́ lílì ni, ìtọ́jú ní láti bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 18, nítorí náà kí wọ́n má dúró de àmì kankan. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin wà fún ọ̀ràn tó bá le, ṣùgbọ́n Òmù-Àrán jìnnà díẹ̀ sí Ìlọrin. Kí wọ́n pe fóònù ṣáájú, kí wọ́n gbé ológbò sínú apẹ̀rẹ̀ onídèérí, kí wọ́n sì mú ẹ̀ka ewé tó jẹ dání, pẹ̀lú àkókò tó jẹ ẹ́ àti ìwọ̀n tí wọ́n rò pé ó jẹ.